Lẹ́tà sí Moses Fleetwood Walker

Bàbá Walker,

Oṣù Karùn-ún tún ti dé. Ọjọ́ kìíní rẹ̀ lọ́dún 1884 lẹ kọ́kọ́ gbá baseball fún ẹgbẹ́ Toledo ní líìgì ńlá, ní Louisville. Ọjọ́ kọkànlá rẹ̀ lọ́dún 1924 lẹ papò dà ní Cleveland. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí ibojì yín ní Steubenville fi wà láìní òkúta lórí. Ó dùn mí, àmọ́ òun kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ Tony Mullane, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Toledo, ni.

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ lọ́dún 1919: nínú gbogbo catcher, ẹni tó ń lóṣòó mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù, tó bá òun ṣiṣẹ́, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ràn aláwọ̀ dúdú, nítorí náà ohun tó bá wu òun lòun ń jù, òun kì í wo àmì tẹ́ ẹ fi ń sọ irú èyí tó yẹ kóun jù.

Ẹni tí kò lóṣòó síbẹ̀ rí lè pè é ní ọ̀rọ̀ kékeré. Láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 50 péré ni wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù nígbà náà. Bọ́ọ̀lù tó ń kọrọ̀, bó bá kù díẹ̀ kó dé, á já wálẹ̀. Catcher á ti da ìka kọ ilẹ̀ dè é. Èyí tó le, tó ń bọ̀ tààrà, àyà ló ń bá. Ìka gbọ́dọ̀ kọ òkè. Bọ́wọ́ bá ti dúró de ọ̀kan tí èkejì wá dé, ṣóńṣó ìka ni yóò bà: èékánná á là, oríkèé á yẹ̀. Ọwọ́ lásán lẹ sì sábà fi ń mú un, tàbí ìbọ̀wọ́ awọ àgùntàn tí wọ́n tẹ́ nǹkan díẹ̀ sí ní àtẹ́lẹwọ́.

Mullane ní ẹ ṣe àmì èyí tó ń kọrọ̀ lọ́jọ́ kan, òun ju èyí tó le. Ẹ mú un. Lẹ bá rìn lọ bá a: ẹ ní ẹ ó máa mú un láìṣe àmì, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbà kó máa ju òmíràn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣe é. Ó ní bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe parí ọdún náà.

Kí ló dé, Bàbá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ pápá níwájú Cap Anson, òyìnbó aṣáájú ẹgbẹ́ Chicago, lọ́dún 1883, lẹ́yìn tó ti ní òun ò ní bá yín ṣeré! Àmì yẹn gan-an ni iṣẹ́ catcher. Ẹ gbé e fún un, ó sì bá a lọ. Eré 46 ni Toledo borí lọ́dún 1884, 36 wà lórúkọ Mullane. Ta ló ka ìka yín mọ́ ọn? Nígbà tí International League sì dìbò lóṣù Keje 1887 pé àwọn ò ní fọwọ́ sí ìwé aláwọ̀ dúdú tuntun mọ́, ìmọ̀ọ́ṣe yín ò dá ìbò kankan dúró.

Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ lẹ fẹ́ ṣe. Èmi àti ẹnì kan la jọ ń gbé ẹrù níbi iṣẹ́. Mo máa ń ké “ó yá” ká tó gbé e. Kò dáhùn rí. Ìgbà tó bá wù ú ló ń gbé tirẹ̀. Láti oṣù Kejì ni mi ò ti ké e mọ́. Ojú rẹ̀ ni mo ń wò báyìí, kí n lè mọ ìgbà tó fẹ́ gbé e, èjìká mi ọ̀tún ò sì gbé apá sókè dáadáa mọ́ láàárọ̀.