Ẹ má fi èrò dáńfó ṣe yẹ̀yẹ́

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Òǹkàwé yín kan kọ̀wé láìpẹ́ yìí pé ojú máa ń ti òun tí èrò ọkọ̀ bá sọ fún kọ̀ńdọ́ pé "I want to drop". Ó ní Gẹ̀ẹ́sì aláìkàwé ni. Iṣẹ́ mi ni Gẹ̀ẹ́sì, Sábó níbí ní Ìkòròdú ni mo ti ń ṣe lẹ́sìn fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC, ojú kò sì ti èmi.

Tí fóònù bá yọ̀ lọ́wọ́ mi, màá ní ó bọ́. Tí dáńfó bá dé Agric, màá ní mo fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀. Bọ́ kan náà ni. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹni tó ń ní òun fẹ́ drop ti mú un. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá náà ti ń sọ ọ́ báyìí. A tilẹ̀ ti sọ ọ́ di orúkọ: dá oníkẹ̀kẹ́ Márúwá dúró, yóò bi ọ́ pé "Ṣé drop ni?", ìyẹn ni pé ṣé ìwọ nìkan ló fẹ́ gbé. (Owó drop náà kì í sì í ṣe ohun tí tíṣà ń san lójoojúmọ́.)

Àwọn Òyìnbó fúnra wọn ń yí ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni nínú èdè wọn, omi tó ń kán ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó fún. Lónìí, owó ọjà lè drop, ọlọ́jà náà sì lè drop owó ọjà. Awakọ̀ lè drop èrò. Kí ló wá dé tí èrò kò lè drop? Àṣà wọn ni kò gbà á. Ẹ sọ ọ́ ní London, wọn á rò pé ẹ fẹ́ ṣubú ni.

Ibi tí mo ti gbà fún oníwèé yẹn ni ìdánwò. "Alight from" tàbí "get off" ni kí ọmọ kọ síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì, reluwé àti ọ̀kadà, "get off" ni. Mọ́tò kékeré, "get out of". Ibí yìí ni àwọn ọmọ ti máa ń pariwo: "Àǹtí, ṣebí ọkọ̀ lọkọ̀ ń jẹ́?" Mo máa ń sọ fún wọn pé èyí tí èèyàn gùn, tàbí tó lè dìde rìn nínú rẹ̀, "get off"; èyí tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba kó tó jáde níbẹ̀, "get out of". Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún "drop off". Awakọ̀ tó bá drop èrò off ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá drop off nídìí ọkọ̀, oorun ló gbé e lọ, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká wà níbẹ̀.

Ẹ bá mi bi oníwèé yẹn ohun tí òun máa ń ké sí kọ̀ńdọ́ tó bá dé bọ́sítọ́ọ̀pù tirẹ̀. N kò tíì gbọ́ "I wish to alight" nínú dáńfó Mile 12 rí. "Ó wà o!" ni gbogbo wa ń ké, oníwèé àti aláìníwèé.

Èmi ni,
Àǹtí onílẹ́sìn,
Sábó, Ìkòròdú.