Àjàní, N Ò Ní Bá Ọ San Gbèsè Yìí

Àjàní ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Ara mi le, ọjà náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ìwé ni mo kọ nítorí pé bí mo bá pè ọ́, wàá ní "Màámi, kò sí wàhálà kankan", wàá sì pa fóònù. Ìwé kò ṣeé pa bẹ́ẹ̀.

Mo ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn ayánilówó orí fóònù fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n gbé fọ́tò rẹ sí i, wọ́n pè ọ́ ní olè, wọ́n ní kí n sọ fún ọ kí o wá san owó wọn. Kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ó dé ọ̀dọ̀ Lèmọ́mù wa ní Tunga, ó dé ọ̀dọ̀ télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí pé nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ. Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè tí kò san, olówó á bẹ ológò sí i. Ológò á wọ ilé onígbèsè, á jókòó tì í, á máa pariwo, á máa pa adìẹ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ jẹ, títí ara ilé á fi dá owó jọ. Àwọn tìsinsìnyí kò tiẹ̀ nílò kí wọ́n mọ ọ̀nà ilé ẹni mọ́.

Ohun tí wọ́n ṣe yẹn kò bófin mu, mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀ ní Àbújá lọ́dọ̀ yín, ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn áàpù ayánilówó, wọn ò sì fàyè gba kí wọ́n máa dójú ti onígbèsè lọ́dọ̀ àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀. Tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, lọ fẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀ bá wọn wí títí ilẹ̀ fi mọ́, owó tí o yá, o yá a.

Ìyàwó wa kò sọ nǹkan kan fún mi o, má lọ bá a jà. Fúnra mi ni mo rí i nígbà tí mo wá kí yín ní Kubwa lẹ́yìn Iléyá. Mo fẹ́ gbé báàgì mi sí búùtù ọkọ̀ rẹ, ni mo bá páálí bàtà mẹ́rin níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ iye owó sí ṣì so mọ́ wọn, ìsàlẹ̀ wọn kò tíì kan ilẹ̀ rí. Aago ọwọ́ méjì wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àti ẹ̀rọ ìlọta kan tí ẹ kò tíì já páálí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òmíràn ń bẹ ní kíṣìnnì yín tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. O sáré pa búùtù dé, o ní ọ̀rẹ́ rẹ ló ni wọ́n. Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ sì bá tìrẹ dọ́gba régí, àbí?

Ẹni tó ra ohun tó nílò kì í gbé e pa mọ́ sínú búùtù. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti owó oṣù tí kò tó. Òótọ́ ni pé nǹkan ti gbówó lórí láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sí ẹni tí kò kàn. Àmọ́ ọ̀wọ́n gógó kọ́ ló ra aago kejì. Àjàní, ríra ló ń bá ọ jà. Gbèsè kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ta aṣọ lọ́jà Kure ní Minna níbí, owó lójú ẹsẹ̀ àti àwìn, nítorí náà mo mọ ohun tí àwọn tó ń gbé ọjà wọ ọ́fíìsì yín ní Sẹkitéríàtì ń ṣe. Ẹni tó fẹ́ fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra aṣọ, á ná an. Á yí i síbí, á yí i sọ́hùn-ún, á fà á bóyá á ya, á ní òun rí èyí tó dín owó níwájú, á lọ, á tún padà wá. Aláwìn kì í ná ọjà. "Màámi, ẹ jẹ́ n máa mú un lọ, ó di ìparí oṣù." Ó parí. Aṣọ tí ẹlòmíràn san 20,000 náírà fún, 26,000 ni a ó kọ sílẹ̀ fún un, kò sì ní béèrè. Gbogbo àwa ọlọ́jà la mọ irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀, àwọn la sì máa ń kọ́kọ́ pè bí a bá já bẹ́ẹ̀lì tuntun. Nígbà tí obìnrin oníbàtà yẹn bá wọlé tí ó ní "Ọ̀gá, mo ti fi èyí pa mọ́ dè yín", má rò pé ó fẹ́ràn rẹ ju àwọn tó kù lọ. Ó ti mọ̀ pé o kì í ná ọjà ni.

Bi ara rẹ léèrè ọjọ́ tí o máa ń rà. Èmi ti fọkàn sí i. Ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ bá fi ọ̀rọ̀ gún ọ lára, ọjọ́ tí orúkọ àwọn tí wọ́n gbé ga jáde tí a kò rí tìrẹ, ọjọ́ tí ìwọ àti ìyàwó wa bá ní gbólóhùn asọ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wàá ki orí bọ fóònù, tí wàá máa wo ọjà lórí WhatsApp títí oorun á fi gbé ọ lọ. Inú rẹ á dùn láti ìgbà tí o bá ti sanwó títí di ìgbà tí ẹni tó gbé e wá á fi kanlẹ̀kùn. Tí ó bá ti yí ẹ̀yìn padà báyìí, adùn náà ti tán, páálí á wọ búùtù. Bí o bá rí i pé o pinnu tí o tún padà síbẹ̀, tí ọwọ́ rẹ kò gbọ́ tìrẹ mọ́, wá dókítà lọ. Ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Gwagwalada ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ àti ọkàn. Má bi mí pé ṣé orí rẹ dàrú ni. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ irú nǹkan yìí, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

O fẹ́ràn láti máa fi ọ̀rọ̀ àwọn Hausa dá mi lóhùn: "Bashi hanji ne", pé gbèsè bí ìfun ni, kò sí ẹni tí kò ní in nínú. Mo gbà. Èmi náà ń jẹ àwọn tó ń kó aṣọ wá fún mi láti Kantin Kwari ní Kano lówó, bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n owó wọn wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù mi, bí mo bá ti tà á, mo san. Bàtà tó wà nínú búùtù, ta ló máa san tirẹ̀?

Ìyàwó wa ni kí o kọ́kọ́ sọ fún. Kí o tó sùn lónìí. Sọ gbogbo rẹ̀ tán, má ṣẹ́ kọ́bọ̀ kù. Bí o bá sọ ìlàjì, tí ó wá gbọ́ ìlàjì tó kù lẹ́nu ayánilówó, kò tún ní gbà ọ́ gbọ́ mọ́, bí o bá tilẹ̀ ní òjò ń rọ̀ tí òun náà ń gbọ́ ọ lórí páànù.

Kí ẹ̀yin méjèèjì wá jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. O ké Kùránì dáadáa ní kékeré, o mọ̀ pé ẹsẹ tó gùn jù lọ nínú rẹ̀, ẹsẹ 282 nínú Suratul Baqarah, kì í ṣe ti àwẹ̀ tàbí ti Hájì. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni: kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kékeré ni o, ńlá ni o, kí ó má sì rẹ̀ yín. Kọ orúkọ olówó, iye tó kù, èlé tó wà lórí rẹ̀, ọjọ́ tí o dá. Kọ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kọ ti oníbàtà, kọ 5,000 tí o yá lọ́wọ́ mẹ́gáàdì. Èyí tí ojú ń tì ọ́ láti kọ ni kí o kọ ṣáájú.

Má tún yá owó san owó mọ́. Bí o bá gba 200,000 ní èlé ìdá mẹ́wàá lóṣù, 20,000 lóṣù ni èlé nìkan. Tí o bá fi ọdún kan san èlé, o ti san 240,000, 200,000 ọjọ́sí ṣì jókòó síbẹ̀ láìmira. Má sì rò pé o lè kó owó lọ sí báǹkì mìíràn kí wọ́n má rí i. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni CBN, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ti fún báǹkì tó yáni lówó láyè pé, tí ọjọ́ bá ti kọjá tí wọn ò rí owó wọn, kí wọ́n fà á yọ nínú àkáǹtì yòówù tó bá so mọ́ BVN onígbèsè, ìyẹn nọ́ńbà kan ṣoṣo tí gbogbo báǹkì fi ń dá a mọ̀, ní báǹkì yòówù kó wà. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ tí o rò pé o ti tọ́jú lè bá a lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Àwọn áàpù yẹn ni kí o kọ́kọ́ gba ara rẹ lọ́wọ́ wọn, èlé wọn ló ń jẹ ẹran ara jù. Oníbàtà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kàn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń yọ tiwọn nínú owó oṣù kó tó kàn ọ́ lọ́wọ́, èlé wọn kò sì wọ́n, jẹ́ kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe gba òmíràn lé e, nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tó ṣe onídùúró fún ọ, owó oṣù tiwọn ni wọ́n máa fọwọ́ kàn bí o bá kùnà.

Àwọn tí o kò lè san fún lóṣù yìí, lọ bá wọn kí wọ́n tó wá bá ọ. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, a ń jẹ èmi náà lówó. Oníbàárà tó bá wá sọ fún mi pé "Ìyá, 3,000 ni mo rí", mo máa ń gbà á, mo sì máa ń fa igi lé orúkọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kọjá kí n má baà rí i, òun ni mo máa ń rán ọmọ tẹ̀ lé délé. A-yá-ẹgbẹ̀fà-má-san-án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀je. Kí o má bẹ́ igi náà, o ṣì máa nílò ènìyàn.

Ohun tó wà nínú búùtù, tà á. Èyí tí o rà ní 45,000, wọ́n lè ná an ní 25,000, á dùn ọ́. Gbà á. Gbé fóònù ńlá yẹn lọ sí Banex, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù, kí wọ́n fi kékeré pààrọ̀ fún ọ, kí wọ́n fún ọ ní ṣéńjì. Yọ nọ́ńbà káàdì rẹ kúrò lórí gbogbo ibi tí o ti ń rajà. Àwọn tó ń gbé ọjà sí ojú WhatsApp, di ọ̀nà mọ́ wọn, wọn ò ní kú. Fi káàdì sọ́wọ́ ìyàwó wa, kí o máa gba owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, yẹ̀yẹ́ kì í gba èlé. Aṣọ ẹbí náà ńkọ́? O lè lọ sí ìnáwó ènìyàn kí o wọ èyí tí o ní. (Aṣọ ẹbí ni mò ń tà jẹ o, ẹnu ara mi ni mo fi ń lé oníbàárà.) Ṣe-bí-o-ti-mọ ni ẹlẹ́wà Sàpọ́n ń wí, àwọn tó ń ná owó lójú agbo ní Àbújá kò sọ fún ọ ohun tó wà nínú ìwé tiwọn.

Mo mọ̀ pé ibi tí o fẹ́ kí ọ̀rọ̀ já sí ni pé kí n ta ilẹ̀ tí bàbá yín fi sílẹ̀ ní Chanchaga. N ò ní tà á. N ò ní bá ọ san gbèsè yìí. Bí mo bá san án lónìí láìjẹ́ pé o ti jáwọ́ nínú ríra, kí ọdún tó yí po, àyè tí mo gbá yẹn á ti kún fún páálí. Kùránì ka onígbèsè mọ́ àwọn mẹ́jọ tí a lè fún ní sàká, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí Lèmọ́mù bá bi mí, n ò ní fi orúkọ rẹ sílẹ̀. Ẹni tó ní aago méjì nínú ọ̀rá, kó lọ tà wọ́n ná.

Ohun tí mo lè ṣe, mo máa ṣe é. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ní táàmù tó ń bọ̀, èmi ni mo máa san án, akáǹtì ilé ìwé ni mo sì máa fi ránṣẹ́ sí, kò ní gba ọwọ́ rẹ kọjá. Mo ti ra ìrẹsì Bida àti iṣu sílẹ̀. Ẹ wá kó wọn lópin ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù bá wọlé, ìwọ àti ìyàwó wa, kí ẹ mú ìwé gbèsè náà dání kí n rí i. Bí ẹ bá dé Suleja tí ó bá ń ṣe ọ́ bíi kí o dúró ra nǹkan fún mi, má dúró.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, ní Minna