Lẹ́tà sí Dáyọ̀: ìbọn tó wà nínú àpótí Bàámi

Òkè-Àró,
Àkúrẹ́.

Dáyọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú òtútù Ohio o. Àwa náà ń bá a yí níbí. Má bínú pé mo kàn ń da ìbéèrè bò ọ́ láti oṣù tó kọjá láìṣàlàyé. Inú ọkọ̀ akérò ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ pè ọ́, ọ̀rọ̀ ìbọn kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń pariwo nínú ọkọ̀ akérò. Ó ti parí báyìí, mo lè jókòó rò ó fún ọ látìbẹ̀rẹ̀.

O rántí àpótí onírin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàámi? Èyí tí o fi ṣe àga lọ́jọ́ kan, tí Bàámi fi fà ọ́ létí títí o fi ń pe orúkọ ìyá rẹ. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ tí wọ́n lọ, a ṣí i. Ìwé ilẹ̀ ọ̀nà Ọ̀dá ló wà lókè, rìsíìtì kòkó tí ikán ti jẹ létí wà lábẹ́ rẹ̀, fọ́tò Bàbá àgbà sì tẹ̀ lé e. Nísàlẹ̀ pátápátá ni àdìrẹ kan tí wọ́n ká mọ́ nǹkan tó wúwo. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rò pé góòlù ni. Ó tú u. Àpò awọ pupa rúsúrúsú ló wà nínú rẹ̀, ìbọn ìléwọ́ sì wà nínú àpò náà, irú èyí tí ẹ̀yin ń pè ní revolver.

Màámi ò tiẹ̀ mira. Wọ́n ní, “Ìbọn bàbá yín àgbà nìyẹn. Mo ti ń rò pé wọ́n ti jù ú nù.”

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni pé Bàbá àgbà ló ń wa ọkọ̀ fún òyìnbó kan tó ń bójú tó igbó ọba, láyé ìgbà tí Àkúrẹ́ jẹ́ olú-ìlú Ondo Province. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sí ìlú wọn, ó gbé ìbọn yìí fún un. Kò sí ìwé, kò sí lẹ́tà, kò sí fọ́tò àwọn méjèèjì pa pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá àgbà fúnra wọn pé ńṣe ni wọ́n rí i he nínú igbó. Èwo la fẹ́ gbà?

Wálé àbúrò mi ò bá wa jiyàn ìyẹn. Owó ló ń rò. Kó tó di alẹ́, ó ti gbọ́ ọ níbi kan pé ìbọn òyìnbó àtijọ́ ń lọ ní mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Ó ti pín in sí mẹ́rin nínú orí rẹ̀, ó ti yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó tiẹ̀ ti ń wo táyà tuntun fún ọkọ̀ rẹ̀.

Mo lọ pe Bàbá Ṣọ́jà tó ń gbé lójúlé kejì sí wa, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun. Kò gbà á lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé e sórí tábìlì, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ògiri, kí gbogbo ọmọdé jáde. “Ìbọn tí o kò bá tíì fojú ara rẹ wo inú rẹ̀, ó lọ́ta.” Wọ́n fi àtàǹpàkò ti irin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ìbọn bá kán sí méjì bí ẹni ṣẹ́ àgbàdo, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀, irin kan tó rí bí ìràwọ̀ sì gbéra láàárín àgbá kékeré oníhò mẹ́fà tó ń yí. Ọta méjì yọrí sókè. Méjì, Dáyọ̀! Ara wọn ti hu àwọ̀ ewé. Àpótí tí èmi àti ìwọ ń jókòó lé, tí a ń fẹsẹ̀ lù bí ìlù. Bàbá Ṣọ́jà jókòó, wọ́n bèèrè omi.

Ìgbà yẹn ni mo kọ̀wé sí ọ pé ṣé o mọ ẹnì kan tó lè díye lé e. Kí Ọlọ́run bá mi san oore fún bàbá òyìnbó àdúgbò rẹ yẹn, torí pé sùúrù tó ní fún wa kọjá àfẹnusọ. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ló ṣí mi lójú: pé kí a má tíì bèèrè owó rárá, kí a ka ohun tó wà lára irin náà fún òun. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo gba awò tí Màámi fi ń ka Bíbélì, mo kà á lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. WEBLEY. MARK VI. 1917. Ó ní Birmingham ni wọ́n ti rọ ọ́, pé ọdún 1915 ni àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú rẹ̀, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọta tó ń jẹ sì tóbi gan-an: .455 ni wọ́n ń pè é. Ó wúwo lọ́wọ́ lóòótọ́, ó lé díẹ̀ ní kílò kan. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n tí Màámi fi ń wọn ẹ̀gúsí.

Àmì kan wà lára rẹ̀ tí mo rò pé ọmọdé ló fi ìṣó ha á, ó rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Bàbá yẹn ní àmì ọfà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, pé ohunkóhun tí wọ́n bá lu àmì náà sí lára, ohun ìní ìjọba ni. Ìyẹn ni pé bí ìtàn Màámi bá jẹ́ òótọ́, ohun ọba ni òyìnbó náà fi ta Bàbá àgbà lọ́rẹ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màámi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà ìsìnkú.

Mo gbádùn ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa, àní mo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ògbóǹtagí. Nọ́ńbà tó wà lára ìbọn gbọ́dọ̀ bá ti ara àgbá rẹ̀ mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbọn méjì ni wọ́n so pọ̀. Tiwa bára mu. Ó ní kí n wo ẹ̀yìn àgbá náà bóyá wọ́n ti fá a, torí pé ọ̀pọ̀ èyí tó dé Amẹ́ríkà ni wọ́n fá lẹ́yìn kó lè gba ọta tiwọn, .45, tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, fífá náà sì ń dín owó rẹ̀ kù. Tiwa ò dé Amẹ́ríkà rí, inú igbó Oǹdó ló wà, ẹnikẹ́ni ò fá a. Ó bèèrè nípa inú ẹnu ìbọn, mo tan iná sí i, ìlà tó ń yí lọ bí àtẹ̀gùn wà níbẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti jẹ ẹ́ díẹ̀. Ó bèèrè nípa àwọ̀ ara rẹ̀, dúdú aláyìnrín yẹn. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni owó wà. Ní ti ìtàn òyìnbó igbó ọba, ó ní ó dùn, àmọ́ láìsí ìwé, òun ò ní fi dọ́là kan lé e. Ó wá ní irú rẹ̀ tí àwọ̀ ara rẹ̀ bá pé, tí wọn ò fá, máa ń kọjá ẹgbẹ̀rún dọ́là kan nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kí a ya fọ́tò tó mọ́lẹ̀ dáadáa sí i kí òun tó sọ nípa tiwa.

Wálé ṣírò rẹ̀ lórí fóònù, mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ló bọ́ sí. Inú bí i pé kò tó márùn-ún. Mo jáde lọ sí Àlágbàká lọ́jọ́ kejì. Kí n tó padà dé, ọmọkùnrin yìí ti ra sáńpépà àti kẹrosín, ó ti jókòó sẹ́yìn ilé, ó ti fi gbogbo ọ̀sán bó ìbọn náà. Ó ń dán bí ṣíbí ìgbéyàwó. Lẹ́tà WEBLEY ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. “Bọ̀dá, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ báyìí!” Mo yà á, mo fi ránṣẹ́ sí ọ, mi ò lè parọ́ fún àgbàlagbà. O rántí èsì tó wá lẹ́yìn ọjọ́ méjì: “Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìbọn yìí?” Ó ní pé ó dọ̀tí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pé ọgọ́rùn-ún ọdún ló fi gba àwọ̀ yẹn, pé ó ṣòro kó tó ìdajì owó àkọ́kọ́ mọ́. Wálé kò jẹun alẹ́.

Gbogbo ìyẹn, ìṣírò lásán ni ṣá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí a bi lọ́yà kan tó jẹ́ ẹbí wa léèrè, èyí tó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe. Lọ́yà kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní òfin ìbọn Nàìjíríà ti wà láti 1959, ó sì ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ ọ̀dọ̀ Ààrẹ, kódà ìbọn ìléwọ́ ayé ìgbàanì tí wọ́n ń fi òkúta ìṣáná yìn wà níbẹ̀. Ṣákàbùlà àwọn ọdẹ wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀, wọ́n sì ní ìwé tiwọn. Bó ti wù kí ìbọn gbó tó, kò dín ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kù. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní ọdún mẹ́wàá. Mo ní ṣé a ò lè fi ránṣẹ́ sí ọ. Ó wò mí bí ẹni wo wèrè. Ìwọ náà sì ti sọ fún mi pé lọ́dọ̀ yín, èyí tí wọ́n rọ ní 1898 sẹ́yìn ni òfin ń pè ní ìbọn àtijọ́, 1917 kò sí níbẹ̀. Ta ló wá kù tó fẹ́ rà á? Ẹni tó máa ra á ní Àkúrẹ́ ni ẹni tí a ò fẹ́ kó ní in.

Wálé ṣì ní òun mọ ẹnì kan. Màámi ló pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní, “Ẹni tí o bá tà á fún, tó bá dá mi lọ́nà ọjà lọ́la, ṣé o máa sọ fún un pé ìyá rẹ ni?”

Lọ́yà ní kí a má gbé e rìn rárá, pé tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ wa lójú ọ̀nà, àlàyé ò ní tó. Ó kọ̀wé sí àwọn ọlọ́pàá, àwọn ni wọ́n wá gbé e nílé. Ìbéèrè wọn gba wákàtí mẹ́ta, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wá lọ́nà mẹ́wàá, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ìwé fún wa pé wọ́n ti gba ìbọn kan àti ọta méjì. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọdé ni, ó ń yí àgbá yẹn lọ yí i bọ̀, ó ní, “Ẹ̀yin Bọ̀dá, ta ló ha ara rẹ̀ báyìí?” Wálé wo ilẹ̀.

Wọn ò mú àpò awọ náà lọ. Wọ́n ní àpò kì í ṣe ìbọn. Ó wà lọ́dọ̀ Màámi báyìí, wọ́n fi ń kó awò Bíbélì wọn sí. Lánàá, bí mo ṣe ṣí ìbòrí rẹ̀ ni mo rí i pé wọ́n tẹ orúkọ kan àti ọdún sí awọ rẹ̀ nínú, ó ti ń parẹ́ ṣùgbọ́n ó ṣeé kà lójú oòrùn. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi í sínú lẹ́tà yìí. Bá mi fi han bàbá yẹn. Sọ fún un pé mo ti kó gbogbo sáńpépà ilé jù nù.

Kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Akin