Lẹ́tà Sáà Kejì sí Ẹ̀yin Òbí àti Alágbàtọ́: Iṣẹ́ àti Àṣẹ Ìgbìmọ̀ SBMC Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́,
Ìpele Gírámà Kékeré,
Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ kú ìnáwó ọmọ, ẹ sì kú ọyẹ́ tó ń jà yìí. A dúpẹ́ pé àwọn ọmọ wọlé láyọ̀ àti àlàáfíà fún sáà kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rí i pé wọ́n dé ọgbà kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, kí ẹ sì wọ súwẹ́tà fún èyí tí òtútù ń mú. Káàdì èsì ìdánwò sáà kìíní wà lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Òbí tí kò bá tíì rí ti ọmọ rẹ̀, kó yà wá gbà á. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ìyókù lẹ́tà yìí bá yín sọ.

Sáà yìí ni àkókò àwọn òbí méjì tó ń ṣojú yín nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́, ìyẹn SBMC, máa pé. A ó yan àwọn mìíràn. Ní ìpàdé tó kọjá, ìyá kan dìde, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe PTA yìí náà la tún ń fún lórúkọ mìíràn?" Inú mi dùn pé wọ́n bèèrè, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ní i lọ́kàn tí ẹ ò sọ.

Rárá o, ìyá wa. PTA jẹ́ ti òbí àti olùkọ́, ó sì wà láyè tirẹ̀. SBMC jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ìjọba àpapọ̀ ló ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní in, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá dáadáa tí àṣẹ náà ti jáde. Àjọ UBEC ní Àbújá, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ló ṣe ìlànà rẹ̀ fún wa. Nínú ìgbìmọ̀ náà, aṣojú ààfin wà níbẹ̀, aṣojú PTA wà níbẹ̀, ti àwọn obìnrin, ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ti ìjọ àti mọ́ṣáláṣí, olùkọ́ kan, àti olórí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ará ìlú ni alága. Èmi ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe alága, akọ̀wé ni mí, mo sì fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, torí kò yẹ kí ẹni tí wọ́n fẹ́ bi léèrè ọ̀rọ̀ tún jókòó sórí àga ẹni tó ń bèèrè.

Kí ni wọ́n wá lè ṣe? Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà yìí dáhùn. Nígbà tí wọ́n kó àga àti tábìlì tuntun wá fún kíláàsì JSS 2, agbaṣẹ́ṣe mú ìwé wá pé kí a fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí. Àwọn tábìlì náà ń dán, ọ̀dà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń ṣojú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nínú ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n dá a dúró ná. Ó dojú tábìlì kan dé, ó wá ibi tí ọ̀dà kò dé lábẹ́ rẹ̀, ó fi èékánná àtàǹpàkò tẹ igi náà. Èékánná wọlé, ojú rẹ̀ sì hàn lára igi. Ó gbé e sókè lọ́wọ́ kan, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Arère nìyí. Àfàrà ni ìwé àdéhùn sọ." Ní ìlú tí a ti ń la pákó láàárọ̀ lálẹ́ bí Ìjẹ̀bú-Igbó, kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn. Arère fúyẹ́, ó rọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti àfàrà. Ọmọ ọdún méjìlá mẹ́ta tó bá jókòó sórí rẹ̀ pọ̀, ọdún kan ni, ó ti ya.

Kò sí olùkọ́ kankan láàrin wa tó lè dá igi mọ̀ lábẹ́ ọ̀dà bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ kọ̀, wọn ò fọwọ́ síwèé. Mo kọ lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, alága fọwọ́ sí i, a fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kó ẹrù rẹ̀, ó sì kó òmíràn tó bá àdéhùn mu padà wá. Àwọn tábìlì yẹn ni ọmọ yín ń kọ̀wé lórí rẹ̀ lónìí. Ohun tí mo ń pè ní àṣẹ ìgbìmọ̀ nìyẹn: láti wo iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe sínú ọgbà yìí, láti bèèrè ìwé àdéhùn rẹ̀, àti láti kọ̀ nígbà tó bá yẹ kí wọ́n kọ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ owó. Owó tó bá wọlé fún ìgbìmọ̀, báǹkì ló ń lọ. Alága, akápò àti èmi la ń fọwọ́ sí ìwé kí kọ́bọ̀ kan tó jáde. Èmi nìkan kò lè gbà á. Ní òpin sáà, a ń lẹ ìwé mọ́ pátákó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá olùkọ́: èyí tó wọlé, èyí tó jáde, ohun tí a fi rà, èyí tó kù. Ẹ máa dúró kà á. Òbí tí kò bá lè kà á, kó pe ọmọ rẹ̀ kó kà á sí i létí. Ẹ̀tọ́ yín ni, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wò yín lójú burúkú nítorí rẹ̀.

Àmọ́ ìgbìmọ̀ kò láṣẹ láti dá owó lé ọmọ lórí. Mo fẹ́ kí èyí yé wa yékéyéké. Àwọn kan fi ọkàn rere dábàá pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú iye kan wá kí a fi tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe, kí a sì máa dá ẹni tí kò bá san padà sílé. Kò ṣeé ṣe. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ìyẹn UBE, ti ọdún 2004 sọ pé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìíní títí dé JSS 3, ọ̀fẹ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ó sì ka ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, kíláàsì àti àga mọ́ ohun tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá gba owó lórí èyí, ìtanràn 10,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ló wà fún un, tàbí méjèèjì. Mo mọ̀ pé 10,000 náírà kò tó nǹkan mọ́ lójú ọjà òní. Ìtanràn kọ́ ló ń dá mi dúró. Ọmọ tí wọ́n bá lé jáde láàárọ̀ torí owó, ọ̀pọ̀ wọn kì í padà wá lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn mìíràn kì í padà wá rárá. Mo ti ṣiṣẹ́ yìí pẹ́ tó láti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ìgbìmọ̀ lè gbà wá owó. Wọ́n lè lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ nílùú Èkó àti lókè òkun. Wọ́n lè lọ bá àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń múra Ojúde Ọba ni wọ́n ti ń ro ohun tí wọ́n máa ṣe fún ìlú. Apá kan tún wà nínú owó tí UBEC ń pín tó jẹ́ ti iṣẹ́ tí ìlú fúnra rẹ̀ bá dáwọ́ lé, ọwọ́ SBMC ló sì ń gbà. Ṣùgbọ́n wọn kì í fún ìgbìmọ̀ tó sùn. Ó gbọ́dọ̀ ní ètò ìdàgbàsókè ilé-ẹ̀kọ́ lákọsílẹ̀, àkọsílẹ̀ ìpàdé rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, ìwé ìṣirò owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ́.

Lórí àwọn olùkọ́ ńkọ́? Ọmọ ìgbìmọ̀ lè wọ ọgbà lọ́jọ́ tó bá wù ú, kó bèèrè ìwé tí olùkọ́ ń fọwọ́ sí láàárọ̀, kó wò ó bóyá kíláàsì kan wà láìsí olùkọ́. Kò lè gba olùkọ́ síṣẹ́, kò lè dá a dúró, kò lè ní kí wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn, kò sì gbọ́dọ̀ bá a wí níṣojú àwọn ọmọ. Ìjọba ló ni ìyẹn. Ohun tó kù fún un ni kó sọ fún mi. Bí mo bá gbọ́ tí mi ò ṣe nǹkan kan, kí ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Bó bá jẹ́ èmi gan-an ni ẹjọ́ kàn, kí alága kọ ọ́, kí ó má gba ọwọ́ mi kọjá. Mo ń fi èyí sínú lẹ́tà kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé àfojúdi ni.

Iṣẹ́ tó ká mi lára jù nínú iṣẹ́ wọn ni ti àwọn ọmọ tó ń sá ní kíláàsì. Láti JSS 2 ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin á wà níbi tí wọ́n ti ń la pákó, yóò máa kó àgékù igi, wọ́n á sì fún un lówó ojúmọ́. Kò pẹ́ tí yóò fi máa wo ìwé bí ohun tó ń pa á lówó. Obìnrin á wà ní gárééjì pẹ̀lú igbá lórí. Aṣojú àwọn obìnrin nínú ìgbìmọ̀ bá wa tọ ọ̀kan nínú wọn délé. Ìyá rẹ̀ àgbà ló ń tọ́ ọ, ẹsẹ̀ ń dun màmá náà, kò lè rìn dé ọjà mọ́, ohun tí ọmọ bá tà ni wọ́n fi ń jẹun. Èmi ìbá kọ̀wé ìkìlọ̀ sí wọn, ìwé náà ìbá wà níbẹ̀. Aṣojú obìnrin yìí bèèrè ohun tí ọmọ ń tà, ó lọ bá àwọn tó ń ta irú rẹ̀, wọ́n sì gbà láti máa bá màmá tà á pẹ̀lú ọjà tiwọn títí ilé-ẹ̀kọ́ fi máa ń parí lójúmọ́. Ọmọ náà ti wà ní JSS 3 báyìí, orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó máa ṣe ìdánwò àṣejáde.

Òfin kan náà tó sọ pé ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ ló sọ pé dandan ni kí òbí jẹ́ kí ọmọ lọ títí yóò fi parí JSS 3. Wọ́n á kọ́kọ́ bá òbí wí. Bó bá tún ṣe é, 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn, 5,000 náírà tàbí oṣù méjì. SBMC kì í ṣe ọlọ́pàá, kò sì lọ sílé ẹnikẹ́ni láti lọ halẹ̀. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní àga jókòó.

Nǹkan yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọdún 1949 ni ìlú yìí dá Molusi College sílẹ̀, kí ìjọba tó máa dá irú rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri. Ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀, Olóyè S. O. Awókòyà ará Àwà-Ìjẹ̀bú, ló di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́, òun ló sì gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955. Tai Solarin náà ti ṣe ọ̀gá ní Molusi kó tó lọ dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956. Nígbà tí ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọ àti ìlú láwọn ọdún 1970, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "ti ìjọba ni." Òjò á ṣí páànù kan, a ó máa wò ó títí yóò fi di mẹ́wàá. Èrò tèmi ni pé SBMC ni ọ̀nà tí òfin fi sílẹ̀ fún wa láti tún di onílé nínú ọgbà tí bàbá wa kọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí á fara balẹ̀ yan àwọn òbí méjì yìí, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Kí ó jẹ́ ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa báyìí. Kò di dandan kó mọ ìwé púpọ̀. Yorùbá la fi ń ṣèpàdé. Kó jẹ́ ẹni tó máa ń wá tí a bá pè é, tó lè bèèrè ìbéèrè láìbínú, tó sì lè gbọ́ èsì. Kò sí owó oṣù níbẹ̀, kò sí owó ìjókòó. Ẹni tó bá ń ta ọjà fún ilé-ẹ̀kọ́ tàbí tó ń gba iṣẹ́ ṣe níbí, kó má díje. Bí olóyè bá ráyè, a fẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má yan ẹnikẹ́ni torí oyè nìkan. Mo sì ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin ìyá, ẹ má jókòó sẹ́yìn kí ẹ wá ní àwọn bàbá ló máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń mọ̀ bí ọmọ bá ti ń jáde nílé tí kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì tí a wọlé ni ìdìbò, ní gbọ̀ngàn ńlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí àwọn tó wà lọ́jà àti lóko lè ráyè dé. Àwọn òbí láti Òkè-Sópẹ́n, Ojówò, Àtìkorí, Òkè-Àgbò àti Jàpàrá, gbogbo yín la ń retí. Ẹni tó bá fẹ́ dábàá orúkọ, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pélébé tí a fi mọ́ lẹ́tà yìí. Lẹ́yìn ìwé náà, ẹ kọ ohun kan tí ẹ fẹ́ kí ètò ìdàgbàsókè ọdún yìí kọ́kọ́ mú: òrùlé yàrá sáyẹ́ǹsì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin, ògiri ẹ̀yìn ọgbà, tàbí òmíràn tí ojú yín rí. Ọmọ yín lè fi sínú àpótí tó wà lẹ́nu géètì, kí Ọjọ́rú tó ṣáájú ìdìbò tó kọjá.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Akọ̀wé SBMC