Bí Àwọn Wọ̀nyí Kò Bá Dúró Nínú Ọkọ̀

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ìbéèrè kan wà tí ẹ máa ń bi mí lẹ́yìn ìsìn, ohùn jẹ́jẹ́ lẹ fi ń bi í, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni: "Bí Ọlọ́run bá ti pinnu ohun gbogbo, kí ni ìpinnu tèmi wúlò fún?" Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni. Inú ìbànújẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bi í, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá àmúwá Ọlọ́run ni ohun tó dé bá yín, àbí àfọwọ́fà.

Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 ni mo máa ń padà sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìjì ti gbá ọkọ̀ tó ń gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù kiri fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Wọn ò rí oòrùn, wọn ò rí ìràwọ̀, ìrètí ti pin. Ni áńgẹ́lì Ọlọ́run bá dúró ti Pọ́ọ̀lù lóru, ó ní dandan ni kó dúró níwájú Késárì, àti pé Ọlọ́run ti fi gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ jìn ín. Èèyàn 276 ni wọ́n. Pọ́ọ̀lù sọ fún wọn gbangba pé ẹ̀mí ẹnì kankan ò ní ṣòfò, àfi ọkọ̀ nìkan.

Nígbà tó di òru kẹrìnlá, àwọn atukọ̀ fura pé àwọn ti ń sún mọ́ ilẹ̀. Wọ́n wọn ìjìnlẹ̀ omi, wọ́n ju ìdákọ̀ró mẹ́rin sílẹ̀ ní ìdí ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀, wọ́n ń díbọ́n pé ìdákọ̀ró ni àwọn fẹ́ jù sílẹ̀ níwájú, bẹ́ẹ̀ sísá ni wọ́n fẹ́ sá. Pọ́ọ̀lù kan náà tó gba ìlérí lẹ́nu áńgẹ́lì ló wá sọ fún balógun ọ̀rún àti àwọn ọmọ ogun pé bí àwọn wọ̀nyí kò bá dúró nínú ọkọ̀, ẹ̀yin ò lè là. Àwọn ọmọ ogun gé okùn ọkọ̀ kékeré náà, ó bọ́ sómi.

Ó pẹ́ kí ẹsẹ 31 yẹn tó yé mi. Kò sí "bí" kankan nínú ìlérí áńgẹ́lì. Báwo wá ni Pọ́ọ̀lù ṣe fi "bí" sí i? Ohun tí mo gbà lónìí ni pé Ọlọ́run tó pinnu ibi tí wọ́n máa gúnlẹ̀ sí ló pinnu bí wọ́n ṣe máa débẹ̀. Àwọn atukọ̀ tó mọṣẹ́ wà nínú ètò náà. Ọwọ́ tó gé okùn wà níbẹ̀. Oúnjẹ tí Pọ́ọ̀lù bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ láàárọ̀ kùtù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Pọ́ọ̀lù kò fi ìlérí ṣe ìrọ̀rí. A máa ń sọ pé àyànmọ́ ò gbóògùn, a ó sì káwọ́ lẹ́rán. Ètò Ọlọ́run nínú orí yìí ń rán ọwọ́ níṣẹ́ ni.

Bákan náà ni Fílípì 2:12-13: ẹ máa ṣiṣẹ́ ìgbàlà yín yọrí, nítorí Ọlọ́run ló ń ṣiṣẹ́ nínú yín. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, Pétérù sọ pé nípa ìpinnu Ọlọ́run ni a fi Jésù lélẹ̀, kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ dá ọwọ́ tó kàn án mọ́ igi láre.

Mi ò sọ pé mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí tán. John Wesley àti George Whitefield, oníwàásù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́, ya ara wọn lórí rẹ̀. Whitefield gbà pé Ọlọ́run ti yan àwọn tirẹ̀ kí ayé tó wà. Wesley ní oore-ọ̀fẹ́ dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn, ẹnikẹ́ni sì lè gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́. Wọ́n tẹ ìwé tako ara wọn. Síbẹ̀, nígbà tí Whitefield kú ní ọdún 1770, Wesley ló wàásù ìrántí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orí 27 yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Kí ìjì tó dé, Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ fún wọn pé ìrìn àjò náà máa mú àdánù wá. Balógun ọ̀rún gbọ́ ti ọ̀gá atukọ̀ àti ọlọ́kọ̀ jù ú lọ. Èrò púpọ̀ náà ní kí wọ́n máa lọ. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn gúúsù fẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n sì rò pé ọwọ́ àwọn ti tẹ ohun tí àwọn ń wá. Ẹ̀yin ará, mélòó nínú wa ló ti fi irú atẹ́gùn yẹn ṣe wòlíì? "Ọ̀nà là fún mi, Ọlọ́run ló rán mi." Ọ̀nà lè là kó má ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá. Pípọ̀ ohùn kì í sì í ṣe ẹ̀rí: nǹkan bí 400 wòlíì ló fohùn ṣọ̀kan níwájú Áhábù ọba Ísírẹ́lì, wòlíì Mikáyà nìkan ló sọ òtítọ́.

Báwo la ṣe máa mọ̀ nígbà náà? Nínú Jòhánù 7:17, Jésù sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìfẹ́ Ọlọ́run ni yóò mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ náà ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá. Ó fi fífẹ́ ṣáájú mímọ̀. Etí kọ́ ló dùn balógun ọ̀rún; èbúté tí wọ́n wà ni kò wù wọ́n lò nígbà òtútù, ọkàn wọn ti lọ síbòmíràn. Èmi náà ti kúnlẹ̀ rí lórí ọ̀rọ̀ tí mo ti pinnu kí n tó kúnlẹ̀. Ìfọwọ́sí ni mo ń tọrọ, kì í ṣe ìtọ́sọ́nà, mo sì jẹ ìyà rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "Olúwa ní kí n sọ fún ọ," pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tàbí owó, ẹ má jẹ́ kó kán yín lójú. Àwọn ará Bèróà yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ wò nínú Ìwé Mímọ́ lójoojúmọ́, Lúùkù tó kọ ìwé Ìṣe sì yìn wọ́n. Ẹ yẹ tèmi náà wò.

Níbi ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ọ̀sẹ̀ yìí, a ó ka orí 27 náà, gbogbo ẹsẹ 44. Ẹ kà á sílẹ̀ kí ẹ tó wá, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí ẹ kò bá ti gbà pẹ̀lú mi. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Olùṣọ́-àgùntàn yín