Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ọmọ ẹṣin

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O ní ọmọ ẹṣin náà ti pé ọdún 2, o sì fẹ́ gùn ún kí oṣù yìí tó parí. Mo ka ohun tó o kọ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rẹ́rìn-ín, nítorí ojú ọ̀nà kan náà ni mo ti ṣubú. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé rí.

Ẹṣin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi síkàáwọ́ mi, abo pupa kan ni, ó ní àmì funfun níwájú orí. Ọjọ́ kẹta tí mo mọ̀ ọ́n ni mo gbé gàárì lé e. Mo fa okùn abẹ́ ikùn rẹ̀ le lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni ń di ẹrù. Ó fò sókè, ó ń ta ìpá, gàárì yí wọ abẹ́ ikùn rẹ̀. Nígbà tó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì dúró, ẹ̀rù bà mí, mo sọ okùn tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé olóríkunkun ni. Irọ́ ni. Ẹ̀kọ́ ni mo kọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ó sì mọ̀ ọ́n dunjú: bó bá ti nàró, èèyàn á tú u sílẹ̀.

Ìgbà tó o bá ń fa ẹṣin kọ́ ló ń kọ́ ẹ̀kọ́, ìgbà tó o bá dẹwọ́ ni. Ohunkóhun tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí okùn dẹ̀, òun ló máa gbà pé o fẹ́. Nítorí náà, fa okùn fẹ́ẹ́rẹ́, kí o dúró. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo síwájú, dẹ okùn kíá. Má sọ pé ó dìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ. Sùúrù tí mò ń wí yìí kì í ṣe ìlọ́ra o. Ọwọ́ tó ń dẹ okùn gbọ́dọ̀ yá ju ọwọ́ tó ń fà á lọ.

Bó o bá ti kọ́ ọ ní nǹkan lápá òsì, lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lápá ọ̀tún bí ẹni tí kò kọ́ ọ rí. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí yíká ara rẹ̀ tán, àfi ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an àti abẹ́ imú rẹ̀. Aṣọ tí kò bà á lẹ́rù lápá kan lè lé e sá lápá kejì. Kì í ṣe wèrè.

Ti ọjọ́ orí wá kù. Ní ìpẹ̀kun egungun ẹsẹ̀ ọmọ ẹṣin, ibi rírọ̀ kan wà tí egungun fi ń gùn, ibẹ̀ á sì le bó bá dàgbà. Ti ìsàlẹ̀, nítòsí pátákò, ló máa ń kọ́kọ́ le, ní nǹkan bí ọdún kan. Ti òkè orúnkún iwájú á tó ọdún 2 àti ààbọ̀. Ti ọ̀pá ẹ̀yìn ló kẹ́yìn, ó máa ń kọjá ọdún 5. Ibẹ̀ gan-an lo sì fẹ́ jókòó sí!

Má tìtorí èyí tì í mọ́lé. Egungun ń fẹ́ eré kúkúrú tó yá kó tó lè lágbára, nítorí náà jẹ́ kó sáré ní pápá bó ṣe wù ú. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí o máa lé e yí ara rẹ ká lórí okùn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

O ní àwọn ẹṣin eré ìje ń sáré lọ́mọ ọdún 2. Òótọ́ ni. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń ka ọjọ́ orí gbogbo Thoroughbred, irú ẹṣin tí wọ́n ń bí fún eré ìje, sí: ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ní ìhà àríwá ayé, ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ní Ọsirélíà. Èyí tí wọ́n bí lóṣù karùn-ún ní àríwá, oṣù 20 péré ni yóò ti lò láyé nígbà tí wọ́n á máa pè é ní ọmọ ọdún 2. Ọmọ ọdún 3 nìkan ló sì ń sá Kentucky Derby, eré ìje ẹṣin tó lókìkí ní Amẹ́ríkà, kò sí pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Èyí tó ń lé wọn nìyẹn. Ìwọ ńkọ́, ta ló ń lé ọ? Eré fífo igi tí wọ́n gbé dábùú ọ̀nà lo ní o fẹ́ fi ẹṣin tìrẹ ṣe, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ní Òlíḿpíìkì ló sì ti lé ní ọdún 10.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé: kí o tó fi ìjánu sí i lẹ́nu, pe dókítà ẹran kó wo eyín rẹ̀. Láàárín ọdún 2 àti ààbọ̀ sí ọdún 5 ni eyín ọmọdé 24 máa ń ká. Abo pupa mi máa ń ju orí bí mo bá ti fa ìjánu, mo sì ń fi pàṣán dá a lóhùn. Eyín ló ń dùn ún.

Ó gbà mí ju ọdún kan lọ kí n tó tún ohun tí mo bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe. Aṣọ nìkan ni mo kọ́kọ́ ń gbé lé e lẹ́yìn, màá sì gbé e kúrò kó tó sún. Lẹ́yìn náà, gàárì láìdì í. Lẹ́yìn náà, okùn, ihò kan lónìí, ihò kan lọ́la. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dì í tán, kò wú ikùn, kò yí etí sẹ́yìn. Ó rẹ orí sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ń lá ètè. Mo tú gàárì náà, mo dá a padà sí pápá. A ò ṣe nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Kọ̀wé sí mi bí dókítà bá ti wo ẹnu rẹ̀.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ