Kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà wà nínú báàgì púrínsípà

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú ló ń bí mi tí mo fi mú gègé. Èmi kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè wá sí ìpàdé òbí àti tíṣà nílé-ìwé ọmọ mi n'Ìbàdàn níbí. SS2 lọmọ náà wà. Nígbà tí ìpàdé parí, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣí yàrá kọ̀ǹpútà kí n fojú kàn án, torí àwa òbí náà dáwó sí i. Tíṣà kọ̀ǹpútà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í họrí. Ó ní púrínsípà ti jáde, inú báàgì wọn ni kọ́kọ́rọ́ sì wà. Mo bá yọjú wo ojú fèrèsé. Kọ̀ǹpútà tò lọ bẹẹrẹ, ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn wá láti ọjà ṣì wà lára wọn, eruku sì ti bo ọ̀rá náà.

Mo délé, mo yẹ ìwé ọmọ mi wò. Ó kọ ìtumọ̀ máòsì sínú nóòtì rẹ̀ láìṣì kọ. Ó fi rúlà ya kíbọọ̀dù, tíṣà fún un ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Mo bi í bóyá ó ti fọwọ́ kan máòsì rí. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Láti 2013 ni JAMB ti ń lo kọ̀ǹpútà fún ìdánwò àṣewọ yunifásítì. Láti 2015, kò sẹ́ni tó ń fi bébà ṣe é mọ́. WAEC náà bẹ̀rẹ̀ ní 2024 fún àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ fúnra wọn. Lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ mi á jókòó síwájú ohun tó kàn mọ̀ ọ́n yà. Èmi ni n ó tún sanwó níta kí wọ́n lè kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò rówó san ńkọ́?

Wọn á ní kò síná. Ṣebí jẹnẹrétọ̀ ń dún ní ọ́fíìsì púrínsípà kí wọ́n tó jáde! Wọn á ní àwọn ọmọ á bà á jẹ́. Èwo ni ká jẹ́ kó gbó sínú ọ̀rá? Àwọn ọ̀gá òkè náà kò mọ̀ ju kí wọ́n kó ẹ̀rọ wá, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n máa lọ. Ta ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún, wọn kì í béèrè.

Nígbà tí Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀, ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, jáde l'Ọ́ṣun ní 2013, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀kan. Ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ló kún inú rẹ̀. Ó ní púrínsípà àwọn a máa gbé Ọpọ́n wọ kíláàsì, wọ́n á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á ní kí tíṣà sọ ibi tí wọ́n kà dé. Tíṣà wo ló máa gbójú fò ó? Ìgbà tí wọ́n gbé púrínsípà yẹn lọ síbòmíràn, fíìmù làwọn ọmọ fi ń wò.

Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyí. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ tíṣà. Kí wọ́n lẹ àkókò kíláàsì kọ̀ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn, kí ìwé kan wà lórí tábìlì tí kíláàsì tó bá wọlé á buwọ́ lù. Nígbà tí ìnsípẹ́kítọ̀ bá dé, kó má ka iye ẹ̀rọ, ìwé yẹn ni kó yẹ̀ wò. Ìròyìn tí púrínsípà ń kọ sí ìjọba ní ìparí táàmù, orí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ni kí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, fúnra wọn, kì í ṣe pé kí wọ́n rán akọ̀wé. Ẹni tí kò bá lè tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má gbé e ga. Kí ìjọba ra sólà pẹ̀lú.

Ìpàdé mìíràn di táàmù tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá tún sọ fún mi pé kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì, ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn ni n ó jókòó sí títí báàgì á fi dé.

Èmi ni,
Òbí kan, Ìbàdàn.